Fọ́ǹtì tí a fi ègé méje kan náà kọ́: kí ló dé tí lẹ́tà I àti H kò fẹ́ pé?

OnígunMẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ya fọ́ǹtì kan tí ó dá lórí àwọn ègé alápòótí mẹ́rin, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní tetromino, tí ọ̀pọ̀ wa sì mọ̀ láti inú eré Tetris. Òfin tí mo gbé kalẹ̀ ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo gbogbo ègé méjèèje, ìyẹn I, O, T, S, Z, L àti J, lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, a kò sì gbọdọ̀ lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ègé kọ̀ọ̀kan ti ní àpótí mẹ́rin, àpótí 28 ni gbogbo lẹ́tà yóò ní, láìka bí ó ṣe rí sí. Mo lè yí ègé sí ọ̀nà tí ó bá wù mí, ṣùgbọ́n n kò lè dojú rẹ̀ dé, nítorí pé bí mo bá dojú L dé, J ni yóò dà.

L àti P ti pé. Àwọn tí ó ń dà mí láàmú ni I àti H. Mo ya I bí igi gbọọrọ tí ó fẹ̀ ní àpótí 4, tí ó sì ga ní àpótí 7. Mo ya H ní ẹsẹ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 2, tí ó ga ní 6, mo sì fi afárá 2 sí 2 so wọ́n pọ̀ láàárín. Bí mo ti wù kí n tò ó tó, ègé tí ó kẹ́yìn kì í bá àlàfo tí ó kù mu. Ṣé èmi ni n kò tíì rí ọ̀nà rẹ̀ ni, àbí ìrísí yẹn gan-an ni kò gbà?

Ìbéèrè kejì: bí ègé méjèèje bá ti parí sára lẹ́tà, kí ni mo máa fi ṣe àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà?

AfọwọYà

Sùúrù ni o. Ọ̀nà tí a lè gbà to ègé méje sínú àyè àpótí 28 pọ̀ ju ohun tí ojú lè tẹ̀ lé lọ, kò sì yẹ kí ènìyàn tètè sọ pé kò ṣeé ṣe. Bí ó bá sì rẹ̀ yín, ẹ fi ègé kan rọ́pò òmíràn nínú lẹ́tà méjèèjì yẹn nìkan. Ta ni yóò jókòó ka ègé inú H?

ÌṣiròDùn

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá sùúrù, AfọwọYà. Àwọn ìrísí méjèèjì yẹn kò ṣeé kọ́, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì ju ìlà mélòó kan lọ.

Ẹ kun àpótí inú àwòrán yín ní dúdú àti funfun, kí dúdú máa tẹ̀ lé funfun bí ó ti rí lójú pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Ibikíbi tí ẹ bá gbé I, O, S, Z, L tàbí J lé, dúdú méjì àti funfun méjì ni yóò bò. Ègé T nìkan ni ó yàtọ̀: mẹ́ta nínú àwọ̀ kan àti ẹyọ kan nínú àwọ̀ kejì ni ó ń bò. Nítorí náà, ohunkóhun tí méjèèje bá para pọ̀ dà, àpótí 15 yóò jẹ́ àwọ̀ kan, 13 yóò sì jẹ́ èkejì. Ẹ wá ka I yín: dúdú 14, funfun 14. H yín náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bí 15 àti 13 ṣe máa bo 14 àti 14.

Ohun tí ó wúlò jù fún ẹni tí ó ń ya fọ́ǹtì wà nínú ẹ̀rí yìí kan náà. Ẹ wo lẹ́tà tí apá òsì rẹ̀ àti apá ọ̀tún rẹ̀ bára mu, bí A, H, I, M, O, T, U, W àti Y. Bí ìlà tí ó pín in sí méjì bá gba ẹ̀gbẹ́ àpótí kọjá, ìyẹn ni pé ó bọ́ sí àárín òpó méjì, tí ẹ sì ṣẹ́ àwòrán náà po lórí ìlà yẹn, gbogbo dúdú ni yóò bọ́ sórí funfun. Èyí já sí pé dúdú àti funfun dọ́gba, lẹ́tà náà kò sì lè pé láéláé. Bákan náà ni fún lẹ́tà tí òkè rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mu, bí B, D, E àti K, bí ìlà àárín rẹ̀ bá wà láàárín ìpele àpótí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. H yín ní àṣìṣe yìí ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà bára mu délẹ̀délẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìlà àárín gba inú àpótí kọjá. Èyí ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀, kò tíì sọ pé ẹ ti débẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí ó rọrùn jù ni kí ẹ mú àpótí kan kúrò lára àwọ̀ kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí àwọ̀ kejì wà. Mo mú igun òkè apá ọ̀tún kúrò lára I yín, mo sì fi í ṣe ẹsẹ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ ní ìhà kan náà. Ó wá di 15 sí 13, ó sì pé báyìí (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ègé tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àmì kókó sì ni àyè òfìfo):

T Z Z · ·
T T Z Z ·
T S S I ·
S S L I ·
L L L I ·
O O J I ·
O O J J J

Ẹ kà á, ègé méjèèje pé síbẹ̀, kò sì sí èyí tí a dojú rẹ̀ dé.

KóòdùKékeré

Àlàyé ÌṣiròDùn tọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìrísí tí ó bá ti jẹ́ 15 sí 13 ti yege. Rárá o. Kíkun àwọ̀ lè sọ fún wa pé ohun kan kò ṣeé ṣe. Kò lè sọ pé ó ṣeé ṣe. Àpẹẹrẹ kan tí ó kan ẹni tí ó ń ya lẹ́tà tààrà nìyí: bí lẹ́tà yín bá ní apá kan tí kò nípọn ju àpótí 1 lọ, tí ó sì gùn tó àpótí 4 kí ó tó kan ẹ̀ka, ègé tí yóò bo àpótí tí ó wà ní ṣónṣó rẹ̀ kò lè jẹ́ òmíràn bí kò ṣe I. Ègé I kan ṣoṣo ni ẹ sì ní. Nítorí náà, lẹ́tà tí ó bá ní irú apá bẹ́ẹ̀ méjì ti ṣubú, ìbáà jẹ́ 15 sí 13. M tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín tí wọ́n sì gùn wà lára wọn, H tín-ín-rín náà sì ń kọ́?

Fún wíwá ìtò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ṣe é. Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ ìwé ìwádìí kan ní ọdún 2000 nípa ọ̀nà tí ó pè ní Dancing Links, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ó sì wà fún. Ẹ ka àpótí 28 àti ègé 7 sí ohun 35 tí a gbọ́dọ̀ tẹ́ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà gbé ègé kan kalẹ̀ yóò máa tẹ́ márùn-ún lọ́rùn: àpótí mẹ́rin tí ó bò àti orúkọ ègé náà. Kọ̀ǹpútà yóò wá yan ọ̀nà méje tí kò forí gbárí. Fún àpótí 28, kíá ni yóò dáhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe ya ìrísí kan ṣoṣo kí ẹ tó wá ìtò fún un. Ẹ ya H lóríṣiríṣi, bóyá ogún, kí afárá rẹ̀ ga díẹ̀ nínú òmíràn, kí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ nínú òmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ èyí tí ó gbà. Lẹ́yìn náà ni kí ojú yín yan èyí tí ó lẹ́wà jù.

Atẹ̀wéÀgbà

Mo ti ń ya lẹ́tà tipẹ́, mo sì rí i pé gbogbo ìjíròrò yìí dá lórí bóyá ègé yóò wọlé, nígbà tí ìṣòro tí ó tóbi jù ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òfin yín sọ pé I àti M gbọ́dọ̀ gba àyè kan náà. Nínú fọ́ǹtì tí a ń kà lójoojúmọ́, M ń gba àyè ju I lọ dáadáa, nítorí pé ìlà tí ó wà lára rẹ̀ pọ̀, nínípọn ìlà náà sì jọra. Nínú tiyín, iye àpótí ni kò yí padà. Nítorí náà, bí ìlà lẹ́tà bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe tín-ín-rín tó. I tí ó ga ní 7 ní láti nípọn ní 4 kí ó tó lè gbé 28. M tí ó ga ní 7, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti àárín rẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo 28 tán bí wọn kò bá nípọn ju 1 lọ. Ẹ to wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọ̀rọ̀ kan, I yóò dúdú kìrìmù, M yóò sì dà bí ẹni pé ó ń pòórá.

Ẹ fi nínípọn 2 ṣe ìpìlẹ̀. Èyí já sí pé egungun lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gbogbo ìlà rẹ̀ tí a bá nà án gbọọrọ, yóò tó nǹkan bí 14. Fún I, òpó àárín yóò gba 14 nínú àpótí 28, ẹ ó sì fi 14 tí ó kù ṣe ìdérí lókè àti ìtẹ̀lẹ̀ nísàlẹ̀. Fún M, ẹ jẹ́ kí ó kúrú ju àwọn yòókù lọ, tàbí kí ẹ fi ìrísí M ti lẹ́tà kékeré ṣe é. Nípa báyìí, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro apá tín-ín-rín tí KóòdùKékeré sọ.

Ohun kan tún wà tí ojú ń ṣe. Bí ìlà ìbú àti ìlà òró bá nípọn bákan náà lórí ìwọ̀n, ìlà ìbú ni yóò dà bí èyí tí ó nípọn jù lójú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fẹ àpótí díẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ: bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 100, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 104.

ÌlàTààrà

N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ 104 yẹn rárá. Bí àpótí bá fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ, ègé I tí ó dúró àti ègé I tí ó dùbúlẹ̀ kì í tún ṣe ègé kan náà mọ́. Ọ̀kan yóò gùn ní 400, èkejì ní 416. Ẹni tí ó bá gé wọn jáde nínú páálí kò ní lè yí wọn, àdììtú sì ti kú nìyẹn. Luca Pacioli tẹ lẹ́tà tí ó fi òbìrìkìtì àti onígun mẹ́rin yà jáde ní Venice ní ọdún 1509, Albrecht Dürer náà ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀n ní Nuremberg ní ọdún 1525. Ohun tí ó jẹ́ kí a ṣì máa wo iṣẹ́ wọn títí di òní ni pé òfin rẹ̀ hàn kedere, ẹnikẹ́ni tí ó ní rúlà àti kọ́ńpáàsì sì lè tún un yà.

Atẹ̀wéÀgbà

A ṣì ń wo iṣẹ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń fi lẹ́tà wọn ka ìwé? Ní ọdún 1692 ni ìgbìmọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí lẹ́tà ọba ilẹ̀ Faransé, Louis XIV, tí a mọ̀ sí Romain du Roi. Wọ́n ya lẹ́tà ńlá rẹ̀ sórí àwọ̀n onílà tí ó ní àpótí 2,304, ìyẹn 48 lọ́nà 48. Nígbà tí Philippe Grandjean wá fẹ́ gbẹ́ ẹ sára irin, ojú ara rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé níbi tí àwọ̀n náà kò bá ti gún régé. Futura tí Paul Renner yà, tí ó jáde ní ọdún 1927, tí gbogbo ayé ń pè ní fọ́ǹtì òbìrìkìtì, O rẹ̀ kì í ṣe òbìrìkìtì pípé, ìlà rẹ̀ sì ń tín-ín-rín níbi tí ikùn lẹ́tà ti kan òpó. Renner kọ́kọ́ ya àwọn lẹ́tà kékeré kan tí jọ́mẹ́tírì wọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yọ wọ́n kúrò kẹ́yìn. Àní Knuth tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ó fẹ́ fi ìṣirò ṣe fọ́ǹtì nínú Metafont, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ṣe fún yíya lẹ́tà, lẹ́tà S fún un ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ odidi àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ ní ọdún 1980.

ÌlàTààrà

Fọ́ǹtì tí a fi ń tẹ ìwé ni gbogbo àwọn tí ẹ kà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní fi fọ́ǹtì OnígunMẹ́rin tẹ ìwé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò wà lójú pátákó tàbí lórí èèpo ìwé, òǹkàwé yóò sì fẹ́ tú u wò. Irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kò ní ohun méjì tí ó fi ń yangàn ju òfin rẹ̀ lọ. Kí gíga lẹ́tà yàtọ̀ síra, kí fífẹ̀ yàtọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ègé ni kò gbọdọ̀ yí padà.

ỌmọÀdììtú

Nínú àríyànjiyàn yìí, ọ̀dọ̀ ÌlàTààrà ni mo wà, àfi pé mo rò pé ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi OnígunMẹ́rin: ṣé òǹkàwé ni yóò tú àdììtú náà ni, àbí ẹ̀yin ti tú u fún un kí ó tó rí i?

Erik Demaine, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, àti Martin bàbá rẹ̀, ti ya ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí ó ti inú ìṣirò wá, wọ́n sì sábà máa ń fi ojú méjì hàn nínú wọn. Ọ̀kan wá láti inú ìbéèrè tí Manuel Abellanas béèrè ní ọdún 2001: bí a bá fọ́n àwọn òbìrìkìtì tí ó dọ́gba káàkiri, tí wọn kò kan ara wọn, ṣé a lè fi okùn kan ṣoṣo tí ó le dáadáa yí wọn ká, kí ó kan gbogbo wọn láìgba orí ara rẹ̀ kọjá? Nínú fọ́ǹtì náà, bí okùn bá wà níbẹ̀, lẹ́tà hàn. Bí ẹ bá yọ okùn kúrò, òbìrìkìtì nìkan ni ó kù, òǹkàwé ni yóò sì wá ibi tí okùn gbà. Wọ́n ní òmíràn tí wọ́n fi onígun mẹ́ta kéékèèké 128 ṣe. Orí igun ni a ti so wọ́n mọ́ ara wọn, a lè ṣẹ́ ẹ̀wọ̀n kan náà po di lẹ́tà èyíkéyìí láìjá a. Wọ́n sì ti ṣe ti Tetris pẹ̀lú, ègé méjèèje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí òfin tí OnígunMẹ́rin gbé kalẹ̀. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ṣe I àti M wọn, kí ẹ má baà ya ohun tí ó ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ojú méjì sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ojú kìíní yóò fi ààlà ègé hàn, ojú kejì yóò jẹ́ òjìji lẹ́tà nìkan, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ wá bí méjèèje ṣe wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe èyí, ìdúdú I àti M kò tún ní jẹ́ àbùkù: òǹkàwé yóò mọ̀ pé iye kan náà ni ó wà nínú wọn, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà.

Bí ègé Tetris bá sì wá ń dí yín lọ́wọ́ jù, ẹ gé ti ara yín. A ti fi ẹ̀rí hàn láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn pé àwòrán onígun méjì tí àyè wọn bá dọ́gba, a lè gé ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ kí a sì tò ó di èkejì. Henry Dudeney gé onígun mẹ́ta tí ìhà rẹ̀ dọ́gba sí ègé mẹ́rin péré, ó sì tò ó di onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n méjì péré ni ó so pọ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ kí ègé kan náà to gbogbo lẹ́tà, iye rẹ̀ yóò pọ̀ sí i gidigidi.

ÌṣiròDùn

Kí ó tó di pé ẹ gé ti ara yín, ẹ gbé pentomino yẹ̀ wò, ìyẹn ègé alápòótí márùn-ún. Méjìlá ni wọ́n bí a bá gbà kí a dojú wọn dé, àpótí 60. Wọn kò ní wàhálà 15 sí 13: a lè fi wọ́n kún àyè 6 lọ́nà 10 ní ọ̀nà 2,339. Àyè tí ó wà nínú 60 yóò jẹ́ kí M ní ẹsẹ̀ tí ó nípọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ègé 12 pọ̀ jù fún ẹni tí ó fẹ́ fi ojú lásán tú u.

OlóhùnMẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè kejì, nítorí pé fọ́ǹtì tí kò lè kọ ẹ̀, ọ́ àti ṣ kò wúlò fún púpọ̀ nínú wa. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àwọn ègé méje náà. Ẹ wo S nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀: àpótí méjì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, méjì wà lókè lápá ọ̀tún, ó ń gòkè lọ sápá ọ̀tún bí àmì ohùn òkè. Z ni òdìkejì rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ègé O, tí ó jẹ́ 2 lọ́nà 2, ni yóò jẹ́ àmì abẹ́ lẹ́tà. Nípa báyìí, Ẹ́ yóò fi O ṣe àmì abẹ́, yóò fi S ṣe àmì ohùn, yóò sì fi I, T, Z, L àti J kọ́ ara E, àpótí 20. Ègé méjèèje ṣì pé, òfin kò yẹ̀. Ìṣirò àwọ̀ náà ṣì dúró: T wà lára E, nítorí náà ara E gbọ́dọ̀ jẹ́ 11 sí 9.

AfọwọYà

Ìyẹn já sí pé E tí kò ní àmì yóò ga ju E tí ó ní àmì lọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Yóò rí bákan lójú. Èmi yóò kàn fi àmì sí i lọ́tọ̀, láìkà á mọ́ ègé, kí ara lẹ́tà má yí padà.

KóòdùKékeré

Ọ̀nà méjèèjì ṣeé ṣe nínú fáìlì, iṣẹ́ wọn ni kò dọ́gba.

Bí ẹ bá ṣe é bí AfọwọYà ti wí, ẹ ó ya àmì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó sì fi ojú ìdè sára lẹ́tà, lókè àti nísàlẹ̀, kí ètò náà lè mọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí ẹ bá ṣe é bí OlóhùnMẹ́ta ti wí, ẹ ó ya gbogbo lẹ́tà alámì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: fáwẹ̀lì méje, A, E, Ẹ, I, O, Ọ àti U, ọ̀kọ̀ọ̀kan láìní àmì ohùn, pẹ̀lú ohùn òkè àti pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21, ẹ wá fi Ṣ àti àwọn N àti M tí ó ń gba ohùn kún un. Lẹ́tà ńlá nìkan nìyẹn.

Ohun tí ó máa ń tàn wá jẹ níbẹ̀ ni pé nínú Unicode, ìyẹn ètò tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, Á ní nọ́ńbà tirẹ̀, Ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ́ kò ní. Ẹ tí ó ní àmì abẹ́, tí a wá fi àmì ohùn U+0301 tẹ̀ lé, ni a fi ń kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ òfin ìpààrọ̀ sínú fọ́ǹtì, lábẹ́ ohun tí OpenType, ìyẹn ìlànà fáìlì fọ́ǹtì, ń pè ní ccmp, pé bí méjèèjì bá tẹ̀ léra, kí àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ yà rọ́pò wọn. Ẹ kọ òfin náà fún Á tí wọ́n tẹ̀ ní apá méjì pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo kíbọ́ọ̀dù ni ó ń tẹ̀ ẹ́ bákan náà.

Ìmọ̀ràn ti OlóhùnMẹ́ta ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ti gíga tí kò dọ́gba, ẹ jẹ́ kí gíga E pẹ̀lú àmì rẹ̀ bá gíga E lásán mu bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

OnígunMẹ́rin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo ti yàn nìyí: àpótí yóò dọ́gba ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi 104 sílẹ̀, nínípọn 2 ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀, S, Z àti O yóò ṣe àmì. I tí ÌṣiròDùn tò ni mo máa fi ṣe ojú àdììtú, mo sì máa wá òmíràn tí ó ní ìdérí fún ojú kìíní. Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí mo gbé P jáde láti inú FontForge, ètò tí mo fi ń ya fọ́ǹtì, mo rí ìlà funfun tín-ín-rín láàárín àwọn àpótí, ó ń hàn ó ń pòórá bí mo ti ń fẹ lẹ́tà náà. Kí ni ó fà á?

KóòdùKékeré

Àpótí tí ẹ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìso wọ́n pọ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ àpótí kò bá bọ́ sí ààlà àwọn ẹyọ kéékèèké (pixel) tí ojú ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán gan-an, ẹ̀rọ yóò kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, funfun ẹ̀yìn yóò sì yọjú láàárín wọn. Fún ojú òjìji, ẹ yan gbogbo àpótí inú lẹ́tà kan, kí ẹ sì pàṣẹ kí ètò náà da ààlà wọn pọ̀ di ọ̀kan. Fún ojú tí ó ń fi ègé hàn, ẹ da àpótí mẹ́rin inú ègé kọ̀ọ̀kan pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fa ẹ̀gbẹ́ ègé sẹ́yìn díẹ̀, kí àlàfo tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ lè wà láàárín wọn. Bí àpótí bá jẹ́ 100 nínú ìwọ̀n 1000, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ní 5. Àlàfo náà yóò di 10, kò sì ní pòórá tí ẹ bá kọ ọ́ ní ńlá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà wà ní odindi.

Ojú méjèèjì lè wà nínú fáìlì kan. Ẹ fi ojú tí ó ń fi ègé hàn sí ipò lẹ́tà gan-an, kí ẹ sì fi òjìji sábẹ́ ss01, ìyẹn àyè tí OpenType ní fún ìrísí mìíràn tí a lè yàn, kí ẹni tí ó fẹ́ àdììtú lè tan án fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, tábìlì COLR àti CPAL, àwọn apá fáìlì tí ó ń tọ́jú àwọ̀, ni ẹ ó lò, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ètò ni ó ń ka àwọ̀ inú fọ́ǹtì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní dúdú nìkan kí ẹ tó fi síta.

ÌlàTààrà

Ẹ má sì fi Tetris sínú orúkọ rẹ̀ o. Orúkọ náà ní olówó, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ègé alápòótí mẹ́rin kò ní olówó ní tirẹ̀. Solomon Golomb, onímọ̀ ìṣirò, ti ń ṣe ìwádìí lórí ìdílé wọn láti ọdún 1953, kí eré náà tó dé.